Bí Ìmígíréṣọ̀n Bá Ní Kẹ́ Ẹ Bọ́ Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kan ní Bọ́dà: Ìtọ́sọ́nà fún Èrò Ìlọrin àti Gúúsù Kwara

Ẹni tó ń gbé aṣọ òkè láti Ìlọrin lọ sí Kútọnù, ọmọ Ọ̀fà tó ń lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ákrà, àfáà tí wọ́n pè síbi wáàsí ní Lomé, ọmọ Òmù-Àrán tó fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ ní Àbíjàn: gbogbo wọn ló máa dúró níwájú tábìlì ìmígíréṣọ̀n kan náà ní Sèmè, bọ́dà Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ tó wà lẹ́yìn Badagry. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á kọjá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n máa sọ fún pé, "Ìwọ, bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan." Àwọn yẹn ni mo kọ èyí fún. Kì í sábà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ló ń dá wọn dúró. Ohun tí ìwé wọn sọ lọ́tọ̀, ohun tí ẹnu wọn sọ lọ́tọ̀, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Lóòótọ́, bọ́dà wà nínú Kwara tiwa náà, ní Chikanda ní Baruten, ọ̀nà tó já sí Nikki àti Parakou. Ṣùgbọ́n Sèmè lọ̀pọ̀ wa ń gbà, nítorí náà òun ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé

Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS tọwọ́ bọ̀ ní Dakar ní oṣù May 1979 ló jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà lè wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Tógò tàbí Gánà láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Ohun méjì ni àdéhùn náà béèrè: ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, àti ìwé ìlera. Kò dárúkọ káàdì ìdìbò. Kò dárúkọ ìwé NIN tẹ́ ẹ tẹ̀ jáde ní káfè.

Ìwé ìlera yẹn ni yẹ́lò káàdì, tó ń fi hàn pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú (yellow fever). Ọ̀dọ̀ Port Health, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba tó ń bójú tó bọ́dà, ni kẹ́ ẹ ti gbà á, ẹ má rà á ní gáréèjì. Abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti lo ọjọ́ mẹ́wàá lára kí káàdì tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, torí náà ẹni tó gbà á lánàá tó sì fẹ́ rìn lónìí ti tan ara rẹ̀ jẹ. Láti 2016 ni àjọ WHO ti sọ pé abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó títí ọjọ́ ayé. Bí ẹnì kan bá ní káàdì yín ti kú nítorí pé ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, ẹ fi sùúrù ṣàlàyé fún un.

Orúkọ ló ń dà wá láàmú jù, pàápàá ní Ìlọrin. Pásípọ́ọ̀tì ní Sulaiman, yẹ́lò káàdì ní Sulaimon, ìwé ilé ẹ̀kọ́ ní Suleiman. Ẹnì kan náà ni, gbogbo ọjà Ìpàtà ló mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó jókòó ní Sèmè kò mọ Ìpàtà. Ẹ jẹ́ kí yẹ́lò káàdì bá pásípọ́ọ̀tì mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Obìnrin tó ti yí orúkọ bàbá rẹ̀ sí ti ọkọ, kó mú ìwé ìgbéyàwó tàbí ìwé ìbúra láti kóòtù dání. Bí ẹ bá ń mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lọ, ẹ mú ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti lẹ́tà ìyọ̀ǹda àwọn òbí rẹ̀, kí nọ́ńbà wọn sì wà nínú lẹ́tà náà. Kódà bó bá jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ni. "Ọmọ mi ni" tí a máa ń sọ fún gbogbo ọmọ mọ̀lẹ́bí kò bá ìwé mu, ọ̀gá á sì rò pé ẹ ń parọ́.

Ẹ há nọ́ńbà fóònù méjì sórí. Wọ́n lè gba fóònù, batiri sì lè kú, ọ̀pọ̀ wa ni kò sì mọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni lórí mọ́. Ẹ fi fọ́tò ojú ewé pásípọ́ọ̀tì yín, àdírẹ́sì ibi tẹ́ ẹ ń dé sí àti orúkọ ẹni tẹ́ ẹ ń lọ bá ránṣẹ́ sí ẹnì kan nílé. Kò pọn dandan kó jẹ́ ìyá yín, àgàgà bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, tó mọ̀wé díẹ̀, tí fóònù rẹ̀ kì í kú ni kẹ́ ẹ wá.

Àwọn àgbà Ọ̀fà tó ṣòwò ní Gánà kò nílò kẹ́nì kan máa rọ̀ wọ́n lórí ọ̀rọ̀ ìwé. Ní November 1969, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ìjọba Busia ní Gánà fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó fi jáde, ọ̀pọ̀ ẹni tó ti kọ́lé, tó ti bímọ síbẹ̀, ló sì di èrò ọkọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ní gáréèjì àti lójú ọ̀nà

Kẹ́ ẹ tó dé bọ́dà, dírẹ́bà tàbí ọmọ ọkọ̀ á ní kẹ́ ẹ kó pásípọ́ọ̀tì wá pẹ̀lú owó, òun á bá yín lu òǹtẹ̀. Ó rọrùn, mo mọ̀, bọ́ọ̀sì tó bá ń kánjú kì í sì fẹ́ gbọ́ àlàyé. Síbẹ̀, ẹ bọ́ọ́lẹ̀, ẹ mú pásípọ́ọ̀tì yín dání, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ níṣojú yín. Òǹtẹ̀ méjì lẹ nílò: ti ìjáde Nàìjíríà àti ti ìwọlé Bẹ̀nẹ̀. Láti October 2018 tí wọ́n ti ṣí ilé iṣẹ́ bọ́dà alájùmọ̀ṣe ní Sèmè-Kraké, ibì kan náà ni òṣìṣẹ́ ilẹ̀ méjèèjì wà, nítorí náà kò sídìí tí ọ̀kan fi máa wà kí èkejì má sí. Ọjọ́ òǹtẹ̀ ni 90 ọjọ́ yín ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò ní i kò ní ẹ̀rí ọjọ́ tó wọlé, nígbà tó bá sì ń padà bọ̀ ni wọ́n á dá a dúró.

Pásípọ́ọ̀tì tuntun tí kò sí òǹtẹ̀ kankan nínú rẹ̀, fájìn ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, àwọn kan á sì fẹ́ gbowó gọbọi lórí rẹ̀. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n gbowó nítorí pé pásípọ́ọ̀tì jẹ́ tuntun. Ẹ bèèrè rìsíìtì. Ọ̀rọ̀ á sábà rọlẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ má gun ọ̀kadà gba inú igbó nítorí pé ó yá. Ẹni tí wọ́n bá mú lọ́nà yẹn kò ní àlàyé kankan tó lè ṣe, bí pásípọ́ọ̀tì rẹ̀ tilẹ̀ pé. Ẹ má sì bá ẹni tẹ́ ẹ pàdé nínú bọ́ọ̀sì gbé báàgì, ì báà jẹ́ ìyá àgbà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Níwájú tábìlì

Oríṣiríṣi aṣọ iṣẹ́ lẹ máa rí, iṣẹ́ wọn kò sì papọ̀. Ìmígíréṣọ̀n ló ń bèèrè ẹni tẹ́ ẹ jẹ́ àti ibi tẹ́ ẹ ń lọ. Ẹrù ni ti kọ́sítọ́ọ̀mù, àti owó: bí owó tẹ́ ẹ gbé bá ju 10,000 dọ́là lọ, tàbí iye tó bá a dọ́gba ní owó mìíràn, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún wọn, ẹ̀ báà máa wọlé, ẹ̀ báà máa jáde. Port Health ló ni yẹ́lò káàdì, NDLEA ló ni oògùn olóró, NAPTIP sì ń wá àwọn tó ń kó èèyàn ṣòwò. Ẹni tí kò wọ aṣọ iṣẹ́, tí kò sì fi káàdì hàn yín, ẹ má fún un ní pásípọ́ọ̀tì.

Ìbéèrè ìmígíréṣọ̀n kò yàtọ̀ púpọ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́. Bó ṣe yẹ kó lọ nìyí:

"Níbo lo ti ń bọ̀?"
"Ìlọrin, ọ̀gá."
"Kí lo fẹ́ ṣe ní Kútọnù?"
"Mo ń gbé aṣọ òkè lọ fún oníbàárà mi."
"Ọjọ́ mélòó lo máa lò?"
"Ọjọ́ márùn-ún."
"Ọ̀dọ̀ ta lo máa dé sí?"
"Ọ̀dọ̀ àǹtí mi. Àdírẹ́sì àti nọ́ńbà wọn rèé."

Ó parí síbẹ̀. Kò sọ ìtàn bí àǹtí ṣe débẹ̀, kò sì sọ pé ọkọ òun kò fẹ́ kóun lọ. Ohun tí wọ́n bi í ló dáhùn, òótọ́ sì ni, nítorí náà bí ọ̀gá mìíràn bá tún bi í ní tábìlì kejì, ìdáhùn kan náà ló máa jáde. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ lẹ fẹ́ lọ kọ́, ẹ sọ pé iṣẹ́ ni. Ẹ má pè é ní ìbẹ̀wò, torí wọ́n á pe nọ́ńbà tẹ́ ẹ fún wọn, ẹni tó bá gbé e á sì sọ òótọ́.

Ẹ̀kọ́ ilé wa máa ń kó bá wa níbí. "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá" ti tó. Ẹni tí kò tíì sẹ́ni tó fẹ̀sùn kàn án, tó ti dọ̀bálẹ̀, tó ń ní "ẹ ṣàánú mi, ẹ bá mi ṣe é", lójú òṣìṣẹ́, ó ń jẹ́wọ́ ni, tàbí ó fẹ́ fún un lówó.

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́-Ìpo, ẹ pe orúkọ ìlú yín pé, kẹ́ ẹ sì fi Kwara tì í. Àjàṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ní Sèmè ni Porto-Novo. Ẹni tó bá ní Àjàṣẹ́ lòun ti wá ti di ará Bẹ̀nẹ̀ tó mú pásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà dání nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Bí wọ́n bá dá yín dúró

Bíbéèrè ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, mímú lọ́tọ̀. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bèèrè: "Ọ̀gá, ṣé mo lè máa lọ?" Bó bá ní ẹ lè lọ, ẹ kó ẹrù yín. Bó bá ní rárá, ẹ bèèrè ohun tẹ́ ẹ ṣe. Ẹ wo orúkọ tó wà láyà aṣọ rẹ̀, ẹ wo aago.

Bọ́ọ̀sì kì í dúró deni pẹ́. Ẹ sọ ẹrù yín kalẹ̀ kó tó gbéra, torí kò dáa kẹ́ ẹ máa wá ẹrù kiri lórí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ẹ fún ẹni tó jókòó tì yín ní nọ́ńbà ilé, kó bá yín pè wọ́n.

Lórí ilẹ̀ Nàìjíríà, abala 35 ìwé òfin 1999 dúró tì yín. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí ẹ ó fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹlòmíì tẹ́ ẹ yàn sọ̀rọ̀. Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ mú yín sínú ìwé fún yín, ní èdè tẹ́ ẹ gbọ́. Bí kóòtù tó lágbára lórí ọ̀rọ̀ náà bá wà láàárín 40 kìlómítà, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti fi gbé yín débẹ̀. Bó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ méjì ni, tàbí iye ọjọ́ tí kóòtù bá rí i pé ó bójú mu. Badagry, níbi tí kóòtù wà, kò jìnnà sí Sèmè.

Èrò tèmi lórí dídákẹ́ ni pé kẹ́ ẹ má fi ṣe orí kunkun. Orúkọ yín, ibi tẹ́ ẹ ti wá, ibi tẹ́ ẹ ń lọ, ẹ dáhùn. Ìgbà tí ìbéèrè bá di "Ta ló ń rán ọ? Ẹrù ta ni? Mélòó lo ti kó kọjá?", ẹ mọ̀ pé ó ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀sùn. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, mo fẹ́ bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ ná." Kẹ́ ẹ sì dúró lórí rẹ̀.

Sitétimẹ́ǹtì ló máa ń kó báni jù, torí ohun tẹ́ ẹ bá kọ níbẹ̀ ni wọ́n á kà ní kóòtù. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015 fàyè gbà yín láti ṣe é níwájú lọ́yà tàbí òṣìṣẹ́ Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń gba ẹjọ́ ẹni tí kò lówó lọ́yà rò. Bí kò bá sí wọn, ẹni tẹ́ ẹ bá yàn lè jókòó tì yín. Bí ẹ kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ẹ sọ ọ́ láìtijú. Òfin yẹn kan náà ní kí ògbufọ̀ kọ ọ̀rọ̀ yín, kó sì kà á padà fún yín. Ẹ má jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kọ ọ́ fúnra rẹ̀ kó wá ní "Ṣáà fọwọ́ sí i, ká lè tètè fi ọ́ sílẹ̀." Ẹ má fọwọ́ sí ìwé òfìfo. Bí àyè bá kù lábẹ́ ọ̀rọ̀ yín, ẹ fa ìlà gba inú rẹ̀, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i lábẹ́ ìlà ìkẹyìn.

Obìnrin ló gbọ́dọ̀ yẹ ara obìnrin wò. Bí wọ́n bá gba owó tàbí ẹrù lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì kà á kẹ́ ẹ tó buwọ́ lù ú.

Fóònù ń kọ́? Abala 37 dáàbò bo ìpè àti àṣírí yín. Ẹ bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ wò nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ pé ẹ kò yọ̀ǹda bí ẹ kò bá yọ̀ǹda. Ṣùgbọ́n ẹ má bá wọn jà á gbà, ẹ má sì máa pa nǹkan rẹ́ nínú rẹ̀ níṣojú wọn. Ohun tí kò ní láárí á wá di ẹ̀rí.

Owó wá kù. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn, n kò ní ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ dárúkọ owó, ẹ má sì fi náírà sáàárín ojú ewé pásípọ́ọ̀tì. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin, ẹni tí kò sì ní ẹ̀sùn lọ́rùn tẹ́lẹ̀ á wá ní. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ san owó ìtanràn, ẹ bèèrè ìwé tó sọ ọ́ àti rìsíìtì ìjọba.

Bí wọ́n bá fọwọ́ kàn yín, ẹ má gbá wọn padà. Òfin tó lòdì sí ìfìyàjẹni wà láti 2017. Bí wọ́n bá ti fi yín sílẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ sì gba ìwé dókítà.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹ̀yin ọ̀dọ́mọbìnrin. Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ló san owó ọkọ̀ yín, tó mú pásípọ́ọ̀tì yín lọ́wọ́, tó ní iṣẹ́ sálúùnù tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ ń dúró dè yín, tí kò sì fẹ́ sọ àdírẹ́sì, òṣìṣẹ́ tó pè yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lè jẹ́ olùgbàlà yín. Wọ́n ti lè kọ́ yín ní ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Ẹ má sọ ọ́. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó yà yín sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó mú yín wá, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n pe NAPTIP.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bó bá jẹ́ òdìkejì bọ́dà

Bí ẹ bá ti kọjá, òfin Nàìjíríà kò bá yín dé ibẹ̀. Àdéhùn 1979 ṣì wà, ṣùgbọ́n ó fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láyè láti kọ ẹni tí òfin ilẹ̀ wọn kò gbà wọlé. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ padà, ẹ bèèrè ìdí rẹ̀ kẹ́ ẹ sì padà. Ẹ má lọ wá ọ̀nà ẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ pé wọ́n mú yín, àdéhùn Vienna ti 1963 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ pé kí wọ́n sọ fún àwọn aṣojú Nàìjíríà, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa béèrè fún un. Nàìjíríà ní ilé iṣẹ́ aṣojú ní Kútọnù, ní Lomé, ní Ákrà àti ní Àbíjàn. Ẹ kọ gbólóhùn Faransé yìí sórí bébà kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ fi hàn wọ́n: Je veux contacter l'ambassade du Nigeria.

Ẹ ṣọ́ ẹnu yín pẹ̀lú. Ilẹ̀ tí Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ wà ni ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tẹ́ ẹ rò pé Faransé nìkan ló gbọ́ lè ti gbọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń bá ẹnìkejì yín sọ ní Yorùbá.

Ní ti Niger, Mali àti Burkina Faso, wọ́n ti kúrò nínú ECOWAS láti January 2025. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹ́ḿbásì wọn kẹ́ ẹ tó lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé

Ìpè á wọlé lóru, ẹnì kan á ní, "A ti mú bùrọ̀dá yín ní bọ́dà, ẹ fi owó ránṣẹ́ báyìí-báyìí." Kí gbogbo ilé tó dìde, kẹ́ ẹ tó máa dá owó jọ láti Ọjà Ọba dé Gáà Akánbí, ẹ fi nǹkan wọ̀nyí dá a lóhùn: Ta lẹ̀ ń pè? Ilé iṣẹ́ wo? Bọ́dà wo? Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀. Bó bá wá sórí fóònù, ẹ bi í ní ohun tí ẹni ilé nìkan mọ̀, bí orúkọ ìnagijẹ tí bàbá àgbà ń pè é. Gbájú-ẹ̀ kì í dúró gbọ́ ìbéèrè kẹta. Ẹ má fi kọ́bọ̀ sínú àkáǹtì ẹnikẹ́ni fún béèlì.

Bó bá jẹ́ òótọ́, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tì, nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tì, bọ́dà àti àkókò tí wọ́n mú un. Àfáà lè máa ṣàdúà lọ́wọ́ kan, ṣùgbọ́n kí ẹnì kan mú bébà yẹn lọ sí ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n ní Ìlọrin kí wọ́n bá yín bá Sèmè sọ̀rọ̀, kí ẹlòmíì sì gba ọ́fíìsì Legal Aid Council lọ. Ẹni tí kò lówó lọ́yà ni wọ́n wà fún.

Ìgbésẹ̀ keje: Lẹ́yìn tí wọ́n bá fi yín sílẹ̀

Ẹ gba gbogbo ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ẹrù padà kẹ́ ẹ tó buwọ́ lù ú. Ẹ ṣí pásípọ́ọ̀tì yín wò níbẹ̀ níwájú wọn: ṣé ojú ewé kò ya, ṣé wọ́n kò kọ ohun kan sí i, ṣé òǹtẹ̀ tó yẹ wà níbẹ̀? Lọ́jọ́ náà, ẹ kọ ìtàn náà sílẹ̀ pẹ̀lú wákàtí, orúkọ, iye owó. Bí wọ́n bá fi ẹ̀tọ́ yín dù yín ní Nàìjíríà, abala 46 ìwé òfin fún yín láyè láti lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga. Bó bá jẹ́ orílẹ̀-èdè ECOWAS ló tẹ ẹ̀tọ́ yín lójú, kóòtù ECOWAS ní Abuja ń gba ẹjọ́ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan láti 2005. Ẹni tí kò fẹ́ dé kóòtù lè kọ lẹ́tà sí Public Complaints Commission, àjọ ìjọba tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú, tó ní ọ́fíìsì ní Ìlọrin. Wọn kì í gbowó, ẹ sì lè mú ìwé ẹ̀sùn yín lọ fún wọn fúnra yín láìgba lọ́yà.